Wákàtí Kan Láàárín Ọjọ́ Méje

Ẹ̀yìn ọjà Ìpàta,
Ìlọrin.
Ọjọ́ Àlàrùbá, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Bàràkátù, Àjíkẹ́ mi, ọmọ ìkẹyìn tí mo fi ṣe àṣepé,

Kí àlàáfíà Ọlọ́hun máa bá ọ gbé ní Àjàṣẹ́ tí iṣẹ́ ìjọba, kíka àwọn tó níṣẹ́ àti àwọn tí kò ní, gbé ọ lọ. Ara mi le. Eyín tó kù lẹ́nu mi kò yọ mí lẹ́nu, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ sì ń da ilé rú bó ṣe yẹ kí wọ́n máa dà á rú. Èyí tó kéré jù nínú wọn ti mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ. Èmi ìyá àgbà rẹ̀ ni mo kọ́ ọ, kì í ṣe tíṣà wọn.

Má ṣe jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ dípò kí n pè ọ́. Bí mo bá pè ọ́, ìwọ lo máa ń sọ̀rọ̀ jù, káàdì á tán, ọ̀rọ̀ tèmi á há sí mi lọ́fun. Mo ti dé kíláàsì kẹta nílé ẹ̀kọ́ àgbà wa báyìí. Tíṣà wa ní ẹni tó mọ̀wé kọ tí kò rẹ́ni kọ ọ́ sí dà bí ẹni tó ra ọkọ́ tí kò lóko. Èmi lóko, ìwọ ni. Mo fẹ́ fi lẹ́tà yìí lé dẹ́rẹ́bà lọ́wọ́ ní gáréèjì lọ́la, kó lè dé ọwọ́ rẹ kí ọjọ́ Àtìní, Mọ́ńdè tó ń bọ̀, tó pé.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù lánàá kò kúrò lọ́kàn mi. O ní obìnrin kan wà ní àdúgbò tí wọ́n ní kí o kà, opó, ọmọ mẹ́ta, tó ní òun kò níṣẹ́ lọ́wọ́. O bi í gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ: láàárín ọjọ́ méje tó kọjá, ṣé ó ṣe iṣẹ́ kankan fún owó tàbí fún èrè, ó kéré tán fún wákàtí kan? Ó ní òun sun àgbàdo tà lẹ́bàá ọ̀nà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ méjì. Ìwé rẹ ní kí o kọ ọ́ mọ́ àwọn tó níṣẹ́. Ọwọ́ rẹ kọ̀. O pa ìwé dé láìparí rẹ̀, o dìde, o jáde. O wá sọ fún mi pé ìwọ yóò kọ ọ́ pé kò ṣe nǹkan kan, kí ìjọba lè rí ebi tó wà lójú rẹ̀, àti pé bí ọ̀gá rẹ kò bá gbà á bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá wá gba ìwé lọ́jọ́ Àtìní, wàá di ẹrù rẹ, wàá sì padà wálé.

Àjíkẹ́, má kọ irọ́ sí i. Má sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Fìdí balẹ̀, kí o gbọ́ ìdí rẹ̀ lẹ́nu ẹni tó ti ṣìṣe ṣáájú rẹ.

Èkíní. Nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun ní abúlé bàbá rẹ, àwọn tó ń ka èèyàn wá sọ́dọ̀ wa. Ìwọ náà mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Bí mo ṣe gbúròó wọn, mo kó gbogbo ọmọ inú agbo ilé, mo tì wọ́n sínú àká, mo fi ẹní bo ẹnu rẹ̀, mo wá jókòó ti ìkòkò ọkà lórí iná bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ọkùnrin náà dé pẹ̀lú ẹfun ìkọ̀wé lọ́wọ́. Ó ní, “Ìyàwó, èèyàn mélòó ló ń gbé nínú ilé yìí?”

Mo ní, “Èmi nìkan ni.”

Ó wo ìkòkò. “Ìwọ nìkan lo fẹ́ jẹ gbogbo èyí?”

“Oúnjẹ máa ń wù mí.”

Ibẹ̀ la wà tí ẹnì kan fi sín nínú àká. Ọkùnrin náà yíjú. “Kí nìyẹn?”

“Ewúrẹ́ wa ni.”

Kí n tó pa ẹnu dé, ẹni tó sín náà ní, “Àlùhámúdùlílàhì!” Àwọn tó kù nínú àká dá a lóhùn gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ ṣe kọ́ wọn, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ketekete, pé kí Ọlọ́hun ṣàánú rẹ̀.

Ọkùnrin yẹn wò mí títí. Ó ní, “Ìyàwó, ewúrẹ́ yín mà kéwú.”

Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ ló kọ. Ó kọ ẹyọ kan ṣoṣo sára ògiri wa. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé pé wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìwé. Wọ́n ní ọmọ abúlé wa kò pọ̀ tó, abúlé kejì ni wọ́n kọ́ ọ sí. Láràárọ̀ ni àwọn ewúrẹ́ mi yẹn ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀, tí wọ́n ń kọjá níwájú mi, eruku dé orúnkún. N kò lè wo ojú wọn. Ìfẹ́ ni mo fi purọ́ o. Àánú tìrẹ náà kò yàtọ̀ sí ìfẹ́ tèmi yẹn. Ìwé kò mọ irọ́ àánú yàtọ̀ sí irọ́ ìkà, bákan náà ló ṣe ń gbé wọn lọ.

Èkejì. O mọ bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀ bàbá rẹ, kí Ọlọ́hun forí jìn ín. Nígbà tí o wá ń fi wa dánra wò lórí ìbéèrè inú ìwé rẹ kí o tó lọ, o bi mí pé iṣẹ́ wo ló ṣe láyé. Mo ní, “Kò ṣiṣẹ́ kankan, àlùfáà ni.” O rẹ́rìn-ín, o ní ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ ní kéú, tí àwọn òbí ń gbé owó ẹ̀kọ́ ọjọ́ Àlàrùbá àti ọkà bàbà wá fún, iṣẹ́ ló ń ṣe, nítorí ohun jíjẹ tí a bá fi san oore ọwọ́ ẹni, owó iṣẹ́ náà ni. Mo rántí ọjọ́ tí mo dúró sí ẹnu ọ̀nà tí mo ń pariwo mọ́ ọn pé, “Dìde, kí o lọ wáṣẹ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ!” Ọmọ rẹpẹtẹ ló yí i ká pẹ̀lú wàláà, tí wọ́n ń ké. Kò bínú. Ó nawọ́ sí wọn, ó ní, “Rábíátù, iṣẹ́ rèé, òun ló ń pariwo yìí. Ẹ̀yin méjèèjì ẹ fún mi ní ìsinmi díẹ̀.”

Nítorí náà, má ṣe bi ẹnikẹ́ni pé “Ṣé ẹ níṣẹ́?” kí o sì kọjá lọ. Ìbéèrè yẹn ń ru ìtìjú sókè. Ẹni tó níṣẹ́ á sọ pé òun kò ní, bóyá ìrànwọ́ ń bọ̀. Ẹni tí kò ní á sọ pé òun ní, nítorí pé àna òun wà nítòsí. Bi wọ́n ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: kí lẹ ṣe ní Jímọ̀, kí lẹ ṣe ní ọjọ́ kejì rẹ̀? Abèèrè kì í ṣìnà.

Bí o ṣe mú èmi náà nìyẹn. Mo ti sọ fún ọ pé mo ń sinmi ni, pé àwọn ọmọ mi ló ń bọ́ mi. Ṣé ó dáa kí ìyá àgbà sọ fún ìjọba pé òun ṣì ń ṣiṣẹ́? O ní, “Màmá, ẹ̀gúsí tí ẹ̀ ń bó láàárọ̀ yìí ńkọ́?” Mo ní mo fi ń najú ni. O ní, “Ta ló ń jẹ ẹ́?” Mo ní àwọn oníbàárà mi ní Ìpàta ni. O bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí, láti ọjọ́ dé ọjọ́, títí ó fi kọjá ogójì tí ìwé yín kà sí iṣẹ́ kíkún. Nínú gbogbo ilé wa, tọkùnrin tobìnrin, èmi nìkan ni iṣẹ́ mi kún! Mo ti sọ ọ́ ní kíláàsì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹnì kan tiẹ̀ béèrè bóyá mo fẹ́ gba èèyàn síṣẹ́.

Ẹ̀kẹta, èyí sì jẹ́ ẹ̀bi tìrẹ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi Bùràímọ̀ ní oko. O lọ dánra wò lọ́dọ̀ rẹ̀, o bi í bóyá títà ni ọ̀pọ̀ ohun tó ń gbìn àbí jíjẹ. Bàbá náà fa ara rẹ̀ sókè. Ó ní, “Jíjẹ ni! Àwa kì í ta oúnjẹ ilé wa.” Ó rò pé wàá yìn ín. Kàkà kí o dúpẹ́ kí o máa lọ, o ṣàlàyé fún un pé, nínú ìwé yín, ẹni tó bá ń dáko jẹ nìkan kò sí lára àwọn tó níṣẹ́.

Ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lágbára Ọlọ́hun ló fi gbé e kalẹ̀.

“Bàràká, kí ni mò ń ṣe látàárọ̀? Ṣé mò ń ta ayò ni?”

“Ẹ má bínú, bàbá, ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ìwé náà jẹ iṣu rí?”

Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Nígbà tí mo ránṣẹ́ sí i pé kó fún wa níṣu bó ṣe máa ń fún wa, èsì tó fi ránṣẹ́ padà ni pé kò sí iṣu lọ́dún yìí, òun kò ṣiṣẹ́. Ọjà ni a ti ń ra iṣu láti ọjọ́ náà, ẹbí àgbẹ̀ bíi tiwa! Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Gba ìdáhùn, dúpẹ́, ṣàdúrà fún onílé, kí o sì jáde. Má ṣe sọ ìlà tí o kọ ẹnikẹ́ni sí fún un. Àwọn ọ̀gá yín ló mọ ìdí tí wọ́n fi pín in bẹ́ẹ̀, àwa kò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jí lówùúrọ̀ tó fẹ́ gbọ́ irú ẹni tí òun jẹ́ lẹ́nu àlejò.

N kò ní ka iye mọ́ báyìí, nítorí pé èyí tó kàn ni mo torí ẹ̀ mú ìwé. N kò tíì sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ìwọ náà má sọ ọ́.

O mọ̀ pé Sàlíù ẹ̀gbọ́n rẹ ń fẹ́ Àmínátù, ọmọ Alájì Yàkúbù tó ń ta iṣu ní Ìpàta. O sì mọ̀ pé Alájì ti búra pé òun kò ní so yìgì ọmọ òun fún ẹni tí kò níṣẹ́. Nígbà tí Sàlíù parí ìwé rẹ̀, ó wáṣẹ́ títí bàtà rẹ̀ fi lu. Ó sú u, ó jókòó sílé bí oṣù mẹ́rin, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè iṣẹ́ mọ́. O ní bó bá jẹ́ pé ìgbà yẹn ni o kà á, kò tiẹ̀ ní sí lára àwọn aláìríṣẹ́ṣe, nítorí pé ẹni tí kò wáṣẹ́ rárá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ̀yìn ìlà ni ẹ ń kọ ọ́ sí. Mo ní, “Bí kò bá sí láàárín àwọn tó níṣẹ́, tí kò sì sí láàárín àwọn tí kò níṣẹ́, ta ló wá ń lá ọbẹ̀ mi?”

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ akérò láàárọ̀ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Lọ́jọ́ tí o ń dánra wò, o bi òun náà, o gbójú sókè, o ní, “Màmá, ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn tó níṣẹ́.” Etí mi gbọ́ ìyẹn, kò dúró gbọ́ ìyókù. O ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ nígbà tí mo ti ń wá gèlè.

Mo wọ léèsì tí ẹ rà fún mi nígbà Iléyá, ó di Ìpàta. Alájì wà níwájú ìsọ̀ rẹ̀, wọ́n ń já iṣu lórí lọ́rì.

Ó ní, “Ìyá Sàlíù, ẹ káàárọ̀. Iṣu lẹ wá rà ni, àbí ọ̀rọ̀ wà?”

“Ọ̀rọ̀ wà, Alájì. Ọmọ yín ti níṣẹ́. Ìwé ìjọba ló sọ ọ́.”

Àwọn tó ń já iṣu dúró. Alájì dìde, ó fún mi ní àga tirẹ̀. “Máṣá Àlláhù! Ọ́fíìsì wo ni?”

“Kẹ̀kẹ́ ni.”

“Kò burú, iṣẹ́ kì í ṣe èèwọ̀. Ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀?”

“Àárọ̀ ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n ìjọba ní wákàtí kan ti tó.”

“Wákàtí kan lójúmọ́?”

“Láàárín ọjọ́ méje.”

Alájì ṣí fìlà, ó fi nu ojú. Ó ní, “Ìyá Sàlíù, ṣé wákàtí kan láàárín ọjọ́ méje ni Àmínátù náà yóò máa jẹun?”

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń já iṣu ní, “Bó bá bọ́ sóṣù ààwẹ̀, á rọ̀ wọ́n lọ́rùn.”

Obìnrin oníṣu tó wà nísọ̀ kejì kò tilẹ̀ jẹ́ kí ẹ̀rín yẹn rọlẹ̀. Ó ní, “Alájì, ẹ má wulẹ̀ dà wọ́n láàmú. Ẹ máa yọ̀ǹda Àmínátù fún un fún wákàtí kan lọ́sẹ̀. Ìjọba á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti gbéyàwó.”

Àjíkẹ́, èmi tí mo ti bí ọmọ, tí ọmọ mi ti bímọ, ẹ̀yìn ọjà ni mo gbà sá wálé. Gèlè mi ti wọ́ sí etí kan. O wò mí, o ní, “Màmá, ẹ kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.” Nígbà yẹn lo wá ṣàlàyé pé wákàtí kan náà, ẹnu ọ̀nà lásán ni. O ní ó dà bí àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré, kí ẹja kékeré má baà yọ́ lọ. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó ẹja jáde tán ni ẹ tó ń wo bó ṣe tóbi sí. Ẹ óò béèrè iye wákàtí tó fi ṣiṣẹ́. Bí kò bá pé ogójì, ẹ óò béèrè bóyá ó fẹ́ ṣe sí i, àti bóyá ó ti ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni sí méjèèjì, ó ní ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìlà àwọn tí iṣẹ́ wọn kò kún. Mo ní, “Kí ló dé tí o kò pariwo èyí?” O ní, “Ẹ ti dé ẹnu ọ̀nà, Màmá.”

Mo fi òru yẹn rò ó. Ní ọjọ́ kejì, mo padà lọ bá Alájì, láìwé gèlè, ìborùn lásán ni. Mo ní, “Alájì, ìdajì ọ̀rọ̀ ni mo gbé wá lánàá. Sàlíù níṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò kún. Ó ń fẹ́ sí i. Bí ẹ bá fún un lónìí, òní ni yóò bẹ̀rẹ̀.”

Alájì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ṣé ẹ rí i, èyí ni ọ̀rọ̀. Lánàá, ẹ ní ó níṣẹ́, kí ni mo tún fẹ́ ṣe fún un? Àwọn oníbàárà mi ń wá ẹni tí yóò máa fi kẹ̀kẹ́ gbé iṣu wọn délé. Kó wá lẹ́yìn ìrun Àsùbáà.”

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí Sàlíù ti ń gbé iṣu. Alájì kò tíì ní “bẹ́ẹ̀ ni” lórí ọ̀rọ̀ yìgì, ṣùgbọ́n kò ní “bẹ́ẹ̀ kọ́” mọ́. Àmínátù ló ń bu omi fún un mu. Mo wo bó ṣe ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife náà, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ léèsì mi. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Bóyá ìdajì rẹ̀ ni wọ́n gbé lọ, bíi tèmi.

Ìwọ náà, ìdajì lo gbà lọ́wọ́ opó yẹn. O pa ìwé dé níbi tí ìjọba kò tíì rí nǹkan kan. Bí o bá wá kọ ọ́ pé kò ṣiṣẹ́ rárá, o ti gba èédú, iná àti èéfín tó wọ ojú rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, o ti ṣe é bí mo ṣe ṣe bàbá rẹ. Ohun tí o fẹ́ kí wọ́n rí nípa rẹ̀ wà nínú ìbéèrè tí o kò dúró bi í.

Bí àwọn kan bá sì bú ọ lẹ́nu ọ̀nà, bí o ṣe sọ, ìkíni ni kí o fi dá wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Wọn kò mọ̀ ọ́, ìwé ni wọ́n ń bú.

Ilé rẹ ni ilé yìí, n kò ní tìlẹ̀kùn mọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí o bá padà wálé lọ́jọ́ Àtìní, ẹlòmíràn ni wọ́n máa rán lọ sọ́dọ̀ obìnrin yẹn, kíá ló sì máa kọ ohun tó bá wù ú, nítorí pé òun kò rí ojú rẹ̀ bí ìwọ ṣe rí i.

Nítorí náà, padà lọ kí ó tó di ọjọ́ náà. Lọ nírọ̀lẹ́, nígbà tó bá wà nídìí iná. Tọrọ àforíjì pé o sá lọ. Bi í ní wákàtí tó fi jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, bi í ní ti ọjọ́ kejì. Bi í bóyá, bí iṣẹ́ bá wà sí i, yóò ṣe é. Bi í ní ìgbà tó lè bẹ̀rẹ̀. Má bá a dáhùn. Bó bá dákẹ́, ìwọ náà dákẹ́, kó rí àyè ronú. Ohun tó bá sọ ni kí o kọ, títí dé ìparí ìwé.

Ìgbà tí o bá ti pa ìwé dé tán ni kí o tó ra àgbàdo lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ṣáájú, kó má baà rò pé o ń ra ìdáhùn. Ra méjì. Jẹ ọ̀kan níbẹ̀, lójú rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ, tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ gbogbo rẹ̀, àmì orí ọ̀rọ̀ pàápàá,
Rábíátù.